Ìwádìí Kì Í Ṣe Idán Pípa

Òjò ń rọ̀ ní Stockholm, olú-ìlú Swídìn, ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1967. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ìlú náà ti kóra jọ síwájú ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ́de tako ogun Vietnam. Ní igun mìíràn nínú ìlú náà, bọ́ọ̀sì alájà méjì kan yà kúrò lójú títì, ó lọ forí sọ ọgbà onírin, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹnì kan ti fi ìbọn arọ̀jò-ọta gbá gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n, awakọ̀ sì wà lára wọn. Mẹ́jọ ti kú kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, Åke Stenström. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kò sí iṣẹ́ gidi kan tí àwọn gbé fún un lákòókò yẹn. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé sọ pé ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ tòun ti àárẹ̀. Kí ni ó wá ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì yẹn?

Bí ìwé Den skrattande polisen ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn àròsọ ni, Maj Sjöwall àti Per Wahlöö ló kọ ọ́, ó sì jáde ní Swídìn lọ́dún 1968. Alan Blair ló túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pè é ní The Laughing Policeman, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Edgar ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971. Òun ni ìkẹrin nínú ìwé mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì jọ kọ nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ń jẹ́ Martin Beck. Àkọ́kọ́ jáde ní 1965, ìkẹwàá jáde ní 1975.

Àwọn kan wà láàárín àwọn tó mọ̀wé tí wọ́n ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ohun tí èèyàn ń fi pa oorun nínú ọkọ̀ èrò, tí ó sì lè gbàgbé sórí àga bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìwé náà bá tún wá jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, tí olórí ìtàn kan náà ń padà wá lọ́dọọdún, wọn a ní owó lásán ni òǹkọ̀wé ń wá. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Kò sí ẹ̀yà ìtàn àròsọ tó ń fi bí òtítọ́ ṣe ń jáde han òǹkàwé tó irú ìwé yìí, ìyẹn bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìwé Sjöwall àti Wahlöö ni ẹ̀rí tó dára jù.

Ẹ wo bí ìwádìí bọ́ọ̀sì náà ṣe lọ. Àwọn ọlọ́pàá méjì tí ń fi ọkọ̀ ṣọ́ ìlú, Kristiansson àti Kvant, ni wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀. Kàkà kí wọ́n dúró síta, wọ́n wọ inú bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n rìn sókè rìn sódò, bàtà wọn sì pa ipa ẹsẹ̀ tí apànìyàn fi sílẹ̀ rẹ́. Nílé ìwòsàn, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ Rönn jókòó ti ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń mí, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà lajú, ó dáhùn ìbéèrè méjì péré, kò sí èyí tó yé ẹnikẹ́ni nínú ìdáhùn méjèèjì, ó sì kú. Gbogbo ohun tí wọ́n rí mú nídìí ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ ló kù. Wọ́n mú àwọn òkú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wádìí ta ni, níbo ló ń gbé, ta ló fẹ́ràn rẹ̀, ta ló jẹ ní gbèsè, níbo ló ń lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì kan wà lára wọn, opó kan wà, oníṣòwò kan wà. Ọmọ Algeria kan wà, tó wá ṣiṣẹ́ ní Swídìn, tí òun àti àwọn àjèjì bíi tirẹ̀ há sínú yàrá kan, tí wọ́n sì ń san owó ilé tí ọmọ onílùú kò ní gbà láti san. Ọlọ́pàá ń wá apànìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí òǹkàwé ń rí ni ìlú Stockholm láti orí dé ẹsẹ̀: ilé ọlọ́rọ̀ àti ilé tálákà, ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé yàrá àgbàpọ̀ rí ní ìlú òkèèrè, tí onílé ń fi àìnílé rẹ̀ pa owó, yóò mọ ojú ewé tí ọmọ Algeria náà wà dáadáa.

Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí tó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Fredrik Melander kò gbàgbé ohunkóhun tó bá ti kà tàbí gbọ́ rí. Lennart Kollberg a máa fi àwàdà sọ ọ̀rọ̀ tó le jù. Gunvald Larsson kò mọ ọ̀rọ̀ í pọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àfi Rönn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bà á. Martin Beck fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ kan. Òtútù a máa mú un, inú a máa run ún, kì í sùn dáadáa. Ohun tó ní ni sùúrù àti pé kì í yára gba ohun tó rọrùn láti gbà gbọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Nínú ìwé wọ̀nyí, ọjọ́ kan náà kì í ṣàdédé pé. Àwọn èèyàn tó ti rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn fà á dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àkọ́kọ́, Roseanna, rí, àfi pé sùúrù tirẹ̀ tún ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tó ń kó ẹrẹ̀ nínú odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, ní Borenshult lẹ́bàá ìlú Motala, ló gbé òkú obìnrin kan jáde. Kò sí aṣọ lára rẹ̀, kò sí ìwé kankan, kò sì sí ẹnikẹ́ni ní Swídìn tó ń wá a. Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, Roseanna McGraw, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé láti Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Lẹ́yìn náà ni Beck àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé káàkiri ayé sí àwọn arìnrìn-àjò tó wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń gba fọ́tò ìsinmi wọn, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá wọn yóò rí ojú rẹ̀ níbì kan, kí wọ́n sì rí ẹni tó dúró tì í. Ìwádìí náà lé ní oṣù mẹ́fà. Àwọn ojú ewé kan wà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju pé tẹlifóònù kò dún. Òǹkàwé tí kò ní sùúrù lè fẹ́ fò wọ́n. Kí ó má fò wọ́n: inú ojú ewé wọ̀nyẹn ni ìwé náà ti ń sọ ohun tó fẹ́ sọ gan-an.

Àwọn tó mọ Sherlock Holmes láti ilé ẹ̀kọ́ yóò rí ìyàtọ̀ kíákíá. Arthur Conan Doyle kọ ìwé ńlá mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú 56 nípa ọkùnrin náà láàárín 1887 àti 1927. Nínú púpọ̀ nínú wọn, Holmes a wo ẹrẹ̀ ara ṣòkòtò àlejò, a sì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Hercule Poirot ti Agatha Christie, tó kọ́kọ́ yọjú ní 1920, a jókòó sórí àga, a ronú, a sì kó gbogbo èèyàn jọ sí pálọ̀ láti tọ́ka sí ọ̀daràn. Ó dùn í kà, kò sí iyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá òǹkàwé ṣeré níbẹ̀, ìlú kò sí nínú rẹ̀, òfin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ẹni tó yí i padà ni Ed McBain ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àgọ́ ọlọ́pàá kan ní 1956, tó sì fi gbogbo àwọn ọlọ́pàá inú rẹ̀ pọ̀ ṣe olórí ìtàn. Sjöwall àti Wahlöö túmọ̀ lára ìwé McBain sí èdè Swídìn. Wọ́n mú ètò rẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ohun tí McBain kò ṣe.

Ohun náà ni pé wọ́n ti mọ òpin kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá, orí 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí 300 lápapọ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo nípa ìwà ọ̀daràn kan. Lójú wọn, ọ̀daràn náà kì í ṣe èèyàn kan. Orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn, ìjọba tó ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú gbogbo ọmọ ìlú láti ìbí dé ikú, tó sì ń fi àwọn arúgbó, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn aláìní sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ní 1965 gan-an, ọdún tí Roseanna jáde, ni Swídìn gba ọlọ́pàá lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, tó sì sọ wọ́n di ti ìjọba àpapọ̀. Ìwé lẹ́yìn ìwé ni àwọn òǹkọ̀wé yìí fi ń ké pé ìgbésẹ̀ yẹn ń sọ ọlọ́pàá di ọmọ ogun. Alẹ́ ni wọ́n ń kọ̀wé, nígbà tí àwọn ọmọ wọn bá ti sùn. Wọ́n á jókòó kọjú síra, ọ̀kan á máa kọ orí kan, èkejì á máa kọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ọwọ́ ọ̀kan ti parí tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀ kò ní rí i.

Èyí ló mú kí kíka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ lérè ju kí èèyàn mú ọ̀kan ṣoṣo lọ. Àkókò ń kọjá nínú wọn lóòótọ́. Beck bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aya tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ gidi mọ́, ó ń fi kíkan ọkọ̀ ojú omi kékeré sá fún ilé. Ní ìwé àárín, ìgbéyàwó náà tú. Ní ìparí, ó ti rí obìnrin tó bá ọkàn rẹ̀ mu. Stenström tó kú nínú bọ́ọ̀sì, òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n láti inú ìwé àkọ́kọ́, ó ti rí i bí ọmọdé tí ń kọ́ṣẹ́, nítorí náà ikú rẹ̀ kì í ṣe ikú àjèjì. Åsa Torell, ọmọbìnrin tó fi sílẹ̀, wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn ìgbà náà. Kollberg, tó ti fi ìbọn ṣèèṣì pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, tó sì kọ̀ láti gbé ìbọn mọ́, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí kò rí ohun tó lè fi gbèjà iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì inú ìwé kẹrin, Ingrid, ọmọbìnrin Beck, ra àwo orin kan fún bàbá rẹ̀, orin ọlọ́pàá tó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín títí. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Òǹkàwé tó ti bá a rìn láti 1965 mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìwé kan ṣoṣo kò lè ṣe irú èyí, bó ti wù kó dára tó.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa àléébù wọn pẹ̀lú. Nínú àwọn ìwé tó gbẹ̀yìn, ohùn òṣèlú ròkè ju bó ti yẹ lọ. Àwọn ibì kan wà nínú The Locked Room àti The Terrorists tí òǹkọ̀wé ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn inú ìtàn, tí ó sì ń wàásù. Ìwé kẹrin kò nílò ìwàásù kankan, ó fi yàrá àwọn ọmọ Algeria hàn, ó sì kọjá. Síbẹ̀, ìtara kan náà tó ba àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn jẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà jíjìn. Nínú ìwé kẹwàá, tó jáde ní 1975, ẹnì kan yìnbọn pa olórí ìjọba Swídìn. Wahlöö kú ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọmọ ọdún 48 ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1986, wọ́n yìnbọn pa olórí ìjọba Swídìn, Olof Palme, lójú pópó ní Stockholm, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń ti ilé sinimá bọ̀. Ìwádìí ọlọ́pàá gidi náà ṣe ohun gbogbo tí Beck kì í ṣe. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ darí rẹ̀ di èrò kan ṣoṣo mú, kò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi fi ipò náà sílẹ̀. Wọ́n dá ọkùnrin kan lẹ́bi ní 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì tú u sílẹ̀ lọ́dún kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n pa ìwé ẹjọ́ náà dé láìsí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Maj Sjöwall ti kú ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ní ẹni ọdún 84.

Kí ló kan Yorùbá nínú gbogbo èyí? Ó kàn wọ́n gan-an, nítorí àwa náà wà lójú ọ̀nà yìí nígbà kan náà. Ní 1969, ọdún tí ìwé Beck karùn-ún jáde, ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni olórí ìtàn náà. Nígbà tó di 1971, Lápàdé padà dé nínú Àgbàlagbà Akàn. Ìwé wọ̀nyí kò yá ojú ìran lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn òpópónà, àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn adigunjalè, ìwà ìlú lẹ́yìn tí owó ti dé tí ìbẹ̀rù sì ti tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, nínú èdè Yorùbá tó kún fún òwe àti ẹ̀fẹ̀ tí kò ní àfiwé. Kọ́lá Akínlàdé náà gba ọ̀nà tirẹ̀ nínú Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀, ó fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń fara balẹ̀ tọ pinpin ọ̀rọ̀ ṣe olórí ìtàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún lónìí ló ka àwọn ìwé yìí lábẹ́ tábìlì nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wọn ní ìṣirò.

Lápàdé kò dé ìwé mẹ́wàá. Ẹ̀bi Òkédìjí kọ́ nìyẹn. Òǹkọ̀wé tí kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé rẹ̀ tó ń bọ̀ kò lè máa kọ ọ́ lọ. Ní ilẹ̀ wa, ọjà ìwé Yorùbá so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ àti ìdánwò: ìwé tí wọ́n bá yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a tà, èyí tí wọn kò yàn a kú sí ilé ìkóhun-pamọ́. Ìtàn tó ń tẹ̀ lé ara wọn kò lè dàgbà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìgbìmọ̀ ìdánwò tó máa yan ìwé keje. Àwọn tó ń ra ìwé fún adùn tiwọn nìkan ló lè gbé e ró. Ní Swídìn, àwọn òǹkàwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Beck fi wọ sinimá, tí ó sì wọ tẹlifíṣọ̀n láti 1997, tí wọ́n ń ṣe ìtàn tuntun nípa rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ lẹ́yìn tí ìwé mẹ́wàá náà ti tán.

Àǹfààní kan tún wà tó ju ti ìwé lọ. Ní Nàìjíríà, ó ti mọ́ wa lára láti rí àwọn afurasí tí ọlọ́pàá tò síwájú oníròyìn, tí wọ́n gbé àkọlé sí wọn lọ́rùn, tí wọ́n sì ti jẹ́wọ́ kí wọ́n tó rí adájọ́. Òfin tó ka fífi ìyà jẹ afurasí sí ẹ̀ṣẹ̀ ti wà láti 2017, síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2020, ó di dandan kí àwọn ọ̀dọ́ dúró sójú títì kí ìjọba tó tú ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ká. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: òwe tiwa nìyẹn, òun gan-an sì ni Beck ń ṣe láti ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹwàá. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ fún ojú ewé ẹgbẹ̀rún méjì kì í gbọ́ pé afurasí ti jẹ́wọ́ kó pàtẹ́wọ́. Yóò béèrè ẹ̀rí. Yóò béèrè ibi tí afurasí náà wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti ta ló rí i. Ìlú tí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀ yóò ṣòro fún ọlọ́pàá láti tàn jẹ.

Nítorí náà, kí àwọn ilé ìtẹ̀wé tó ni ẹ̀tọ́ ìwé Òkédìjí àti Akínlàdé tún wọn tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye àti èèpo ẹ̀yìn tó wu ọ̀dọ́, kí wọ́n sì tà wọ́n fún gbogbo èèyàn, kì í ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Kí àwọn òǹkọ̀wé tó mọ Yorùbá kọ lónìí ronú nípa ọlọ́pàá kan, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Kútọ̀nù, tí wọn yóò bá rìn fún ọdún mẹ́wàá. Kí àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ṣí àyè sílẹ̀ fún ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún àwọn ìtàn mìíràn láyé àtijọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Beck, ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó kọ́kọ́ ka Roseanna, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òpin ìwé kẹrin fún un.